Ewùrà Tí Hàbíbàt Rin Kí Oṣù Tó Lé

Ohùn tí Hàbíbàt kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kó tó dá ohùn ẹnikẹ́ni mọ̀ yàtọ̀, ni ohùn ewùrà lójú páànù. Ìyá rẹ̀ ní páànù kan tó jẹ́ ara agolo bísíkíìtì nígbà kan rí. Bàbá wọn ló tẹ́ agolo náà, tó fi ìṣó dá a lu láti ẹ̀yìn títí ojú rẹ̀ fi rí ṣákiṣàki. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìtùnú ààwẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọdébìnrin náà á ṣì wà lórí ẹní, á máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Á dúró díẹ̀ bí ìyá bá ń yí ewùrà lọ́wọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ọdún ti dé, pé kò sóhun tó tún lè bà á jẹ́, á sì padà sùn.

Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì báyìí, kò sì rántí ìgbà tó sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ní ilé kan tí kò jìnnà sétí ọ̀sà. Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Làtífù, ọmọ Ìwó tó ń tún fíríìjì ṣe, àti Ùsámà ọmọ wọn. Olùkọ́ ni Hàbíbàt, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló ń kọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í jẹ́ kí nǹkan bá òun lójijì. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní kí wọ́n mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan wá, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbé kalẹ̀. Làtífù a máa sọ pé láti ọjọ́ Ajé ni ìyàwó òun ti ń sá fún òjò tó máa rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ìtùnú ti ọdún yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìtùnú ti èṣí. Lọ́jọ́ náà, ìyá wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Hákíìmù, gbé epo kaná, ó wọ yàrá lọ mú ìrù, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó lè mí díẹ̀, ó sì gbàgbé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Kí wọ́n tó mọ̀, iná ti mú aṣọ ojú fèrèsé. Wọ́n pa á, kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n ògiri ilé ìdáná dúdú láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Abdulhakeem, àkọ́bí ilé, tó ń gbé ní Ajah, sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé wọn ò ní se oúnjẹ ọdún níbẹ̀ mọ́. Ilé òun ni wọ́n á máa péjọ sí, alásè ni á máa gbé oúnjẹ wá, Màmá náà á sì kó wá sọ́dọ̀ òun kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀.

Ìyá ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọjọ́ orí ti mú máa gbọ̀n lórí itan. Hàbíbàt ló dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ dáhùn.

"Èmi á sè é. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi á sè é níbí."

Abdulhakeem wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ìkọ́kọrẹ́ èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

"Mo ní èmi á sè é, Bọ̀ọ̀dá."

"Kò burú. Bó bá yọrí, Màmá á jókòó sílé rẹ̀, àwa náà á máa wá bá a níbí. Bí kò bá yọrí, má bá mi jiyàn mọ́."

Èèyàn lè rò pé kí ló wà nínú ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á máa fọwọ́ bù ú ní kókó kókó sínú ọbẹ̀ epo tó ń hó pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ibi fífi sílẹ̀ yẹn gan-an ni kò bá Hàbíbàt lára mu. Kò lè rí ìkòkò lórí iná kó má ṣí i. Bó bá ṣí i, á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, kókó á fọ́, gbogbo rẹ̀ á wá ṣàn bí ògì pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sè é ní Ìgbògbò láti fi kọ́ra láàárín ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì rò ó pa. Làtífù jẹ ẹ́ láìráhùn. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi iyán tọ́, àṣáró tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ dà ni ìkọ́kọrẹ́, yálà ó fọ́ tàbí kò fọ́.

Láti ìdajì ààwẹ̀ ló ti ń múra sílẹ̀. Ó kọ ohun gbogbo sẹ́yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́, ó fa ìlà pa á, ó tún un kọ. Ó lọ ata, ó sè é gbẹ, ó fi epo dín in, ó dì í sínú ọ̀rá. Fíríìjì tiwọn nílé ò ṣiṣẹ́, nítorí náà ó kó ata náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Làtífù, sínú fíríìjì oníbàárà kan tí wọ́n ti tún ṣe tán.

"Tí ẹni tó ni ín bá wá gbé e lónìí ńkọ́?" Làtífù bi í.

"Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì ń dán an wò."

"Pẹ̀lú ata?"

"Kí lẹ fẹ́ fi dán an wò, Bàbá Ùsámà? Afẹ́fẹ́?"

Ti ẹja kò le. Abigail, obìnrin Ìlàjẹ kan tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́, ń yan ẹja tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń pa ní abúlé wọn lórí ọ̀sà. Ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ ni Hàbíbàt ti ní kó kó tòun pamọ́, ó sì ń pè é ní ọjọ́ méjì méjì.

"Abigail, ṣé ẹja yẹn ṣì wà?"

"Àǹtí Bíbà, ẹja tó ti kú, tó ti gbẹ, ibo ló tún fẹ́ lọ?"

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò ṣeé kọ sẹ́yìn ìwé: ọjọ́ tí ọdún máa bọ́ sí. Bí wọ́n bá rí oṣù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ kejì ni ìtùnú. Bí wọn ò bá rí i, ààwẹ̀ á pé ọgbọ̀n. Hàbíbàt, tó mọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta máa kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kò mọ ọjọ́ tó máa gbé ìkòkò kaná. Èyí yọ ọ́ lẹ́nu ju gbogbo yòókù lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ló wọkọ̀ láti Ìkòròdú. Ewùrà méjìdínlógún wà nínú àpò méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ata wà nínú kúlà lórí itan. Ní Ìmọ̀ta, kọ̀ńdọ́kítọ̀ wo àpò náà. "Màmá, ṣé ìkórè lẹ ti ń bọ̀ ni àbí ẹ ń lọ gbìn ín?" Ó dá a lóhùn pé oúnjẹ ọdún ni. Bí ọkọ̀ ṣe ń gba Ìtọ́kin kọjá, ó ń ṣírò lọ́kàn. Ogún ìṣẹ́jú ni ewùrà kan ń gbà á láti bó àti láti rin. Méjìdínlógún, wákàtí mẹ́fà. Ọwọ́ Màmá ò ṣeé lò. Bí oṣù bá lé lálẹ́ òní, àwọn èèyàn á ti Yídì dé láago mọ́kànlá ọ̀la. Ó tún un ṣírò. Kò yí padà.

Nígbà tó fi máa kírun ọ̀sán tán ní Ẹ̀pẹ́, ó ti pinnu. Ó gbé ọpọ́n ńlá méjì sí àgbàlá, ó gbé gírétà tó fẹ́ fi rin ewùrà jáde, ó jókòó. Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó fara ti òpó.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ rin ín sílẹ̀, Màmá."

"A ò tíì gbọ́ oṣù."

"Gbogbo ayé ló ti ń sọ ọ́ pé ọ̀la ni. Wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọdún lórí wásáàpù ilé ìwé wa."

"Wásáàpù ló ń rí oṣù?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà la gbà léṣìí."

"Ti èṣí nìyẹn. Ọjọ́ tá a bá máa sè é là ń rin ewùrà, Bíbà. Láàárọ̀."

"Àárọ̀ ò ní tó mi."

Ìyá padà wọlé. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, bóyá ì bá dáwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀. Ewùrà ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gírétà bó eegun ìka rẹ̀ méjì, òùngbẹ ààwẹ̀ mú un, ṣùgbọ́n bí ọpọ́n ṣe ń kún, nǹkan kan ń tù ú nínú àyà. Ó rò pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, ọpọ́n méjèèjì ti kún. Ó wọ́n iyọ̀ sí i kó má baà dúdú.

Wọ́n fi èso dàbínù àti omi ṣínu. Ojú ọ̀run ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ṣókùnkùn fún ìkúùkù. Àwọn ọkùnrin dúró sójú ọ̀nà, wọ́n gbójú sókè, àwọn ọmọdé gun ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ kí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tó dún. Wọn ò rí oṣù níbì kankan. Ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n.

Fóònù rẹ̀ dún lọ́wọ́ kan náà. Abdulhakeem ni.

"O ti gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀, o ráyè sí i. Ṣé gbogbo nǹkan wà létò?"

Hàbíbàt wo ọpọ́n méjèèjì. Iyọ̀ ti fa omi jáde lára ewùrà náà, etí rẹ̀ ti ń pọ́n bí omi ẹrẹ̀.

"Ó wà létò."

"Mo ti bá alásè sọ̀rọ̀ kalẹ̀ o, bóyá nǹkan lè yí. Tó o bá rí i pé kò ṣeé ṣe, kàn pè mí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ó pe Làtífù. Iná ọba ti lọ ní Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ méjì, fíríìjì ìyá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Tí mo bá wá yìnyín rà ńkọ́? Kí n gbé e lé e lórí?"

"Tíṣà, ewùrà yẹn á dì, tó bá yọ́, á di omi lásán. Mo ti rí i nínú fíríìjì oníbàárà mi kan." Ó tún bi í: "Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ wá ṣe? Ọdún ò tíì dé."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyá rẹ̀ ti wà nílé ìdáná, ó ń wá agbada tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Kò bá a wí, kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó kàn ní, "Pe Abigail. Ẹ gé àlùbọ́sà sí i. Òjòjò ló kù tó lè dà. Àwọn èèyàn ṣì máa jẹ sààrì."

Báyìí ni wọ́n ṣe dín ewùrà ọdún ní òjòjò, àwo lé àwo. Abigail ń bù ú sínú epo, Hàbíbàt ń yọ ọ́, ìyá ń pín in láti orí àpótí: ti ilé Àlùfáà, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé tó kọjú síbí. Obìnrin tó wá gba ti ilé tó kọjú síbí rẹ́rìn-ín wọlé.

"Alhaja, ṣé ilé tiyín ti rí oṣù tiẹ̀ ni?"

"A rí i," Ìyá Hákíìmù dá a lóhùn. "Ọ̀wọ́n ni, a ò fi han ẹnikẹ́ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Hàbíbàt náà gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ ò yà dáadáa.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n ààwẹ̀, ó jáde láago méje àárọ̀ láti wá ewùrà. Gbogbo àwọn aláìnísùúrù bíi tirẹ̀ ti ra tiwọn lánàá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń rà á lówùúrọ̀ yìí. Níbi tó bá dé, iṣu funfun ló ń rí. Oníṣu kan ní kó lọ wo ẹ̀yìn ọjà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọjà ní kó gun ọ̀kadà lọ sí Nóforíjà. Ní Nóforíjà ó rí márùn-ún, méjì nínú wọn ti rà lápá kan. Oòrùn ń ta á ní àtàrí, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún padà sí ọjà, ó rí mẹ́rin sí i lọ́dọ̀ obìnrin arúgbó kan tó ti fẹ́ máa palẹ̀ mọ́. Mẹ́sàn-án. Ìdajì ohun tó ti kó wá.

Ó dúró lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì, ó yọ fóònù, ó wá orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Alásè á gbé ìrẹsì wá, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n á jẹun yó, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, ní òkè ilé alájà mẹ́ta ní Ajah, lórí àga rọ̀gbọ̀kú, tí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n fún, tí kò ní ẹnì kan tó lè bá ta ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ láti ojú fèrèsé. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ó ti fóònù padà sínú báàgì, ó gbé ewùrà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kíákíá, bí ẹni tí fóònù náà lè fò jáde kó pe ara rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án péré ni, Màmá," ó wí nígbà tó délé.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹja wà."

"Gààrí wà. A ó tẹ ẹ̀bà. Bàbá yín, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ò jẹ ìkọ́kọrẹ́ láìsí ẹ̀bà rí."

"Wọ́n á ní kò tó."

"Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Lọ wẹ̀."

Ó yà sọ́dọ̀ Abigail kó tó lọ wẹ̀. Ó ń tẹsẹ̀ nílẹ̀, kò mọ bó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. "Abigail, láàárọ̀ ọ̀la, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ máa dilẹ̀ ṣá…"

"Àǹtí Bíbà, ṣé èmi ń lọ Yídì ni? Ẹ jí mi lẹ́yìn ìrun yín."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní kété tí wọ́n kírun Àsùbáà ọjọ́ ìtùnú tán, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sí àgbàlá, ọ̀kan ń bó, ọ̀kan ń rin, tí ọwọ́ bá ro ẹnì kan, wọ́n á pààrọ̀. Ewùrà mẹ́sàn-án ò gbà wọ́n tó wákàtí méjì. Ìyá Hákíìmù jáde nínú aṣọ léèsì funfun, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń dúró dè é níta. Ó wo inú ọpọ́n, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò.

"Ṣé o ò ní lọ Yídì lóòótọ́?"

"Ta ló máa wo ìkòkò?"

"Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn. Má wò ó. Tó o bá ti bù ú sí i tán, dé e, fa igi kan jáde, kó o sì jáde síta. Má jókòó tì í. Mo mọ̀ ẹ́."

Abigail dúró títí ọbẹ̀ fi hó, ó bá a kó ẹja sí i, ó sì lọ wo ààrò tirẹ̀. Hàbíbàt fọwọ́ bu ewùrà, kókó kan, kókó mìíràn, ó ń tò wọ́n sójú ọbẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó dé e. Ó fa igi kan jáde. Ilé dá páropáro. Láti ọ̀ọ́kán ni ohùn Allahu Akbar tí wọ́n ń ké ní Yídì ti ń fẹ́ wá díẹ̀díẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ tí òun ò sí láàárín wọn.

Ó jáde síta. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìdérí kó tó mọ̀. Ó fa ọwọ́ kúrò. Ó lọ gbá iwájú ilé, ibi tí wọ́n ti gbá. Ó padà. Òórùn kan ń jáde, kò mọ̀ bóyá ti iná igi ni tàbí ti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bó bá ń jó, tí òun ò sì ṣí i, gbogbo rẹ̀ á gba òórùn náà, kò ní ṣeé jẹ. Bí kò bá jó, tí òun sì ṣí i, òun mọ ohun tí ọwọ́ òun máa ṣe. Ó mú ṣíbí ìròbẹ̀, ó dì í mú, òógùn ń ṣàn sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí yẹn, ó gbé e kọjá àgbàlá, ó sì kan ilẹ̀kùn Abigail.

"Bá mi mú èyí dání," ó wí. "Má fún mi tí mo bá ní kó o fún mi."

Abigail gbà á. Hàbíbàt padà, ó fa igi kan sí i jáde, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìta títí tó fi rí aṣọ funfun àwọn tó ń ti Yídì bọ̀ ní ìkángun òpópónà.

Abdulhakeem ló ṣáájú wọlé, ìyàwó rẹ̀ Aisha tẹ̀ lé e, Làtífù àti Ùsámà náà ti dé láti Ìkòròdú, àwọn yòókù sì ń wọlé ní méjì méjì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọdún."

"Kú ọdún. Oúnjẹ dà?"

Kò dúró kó dáhùn. Ó kó agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó wọ ilé ìdáná, ó sì ṣí ìkòkò fúnra rẹ̀. Hàbíbàt dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò lè rí inú ìkòkò, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń wò.

"Ó jó díẹ̀," Abdulhakeem wí.

"Ó jó díẹ̀."

"Ó kéré."

"Ó kéré. Ẹ̀bà wà."

Ó na ìka méjì, ó mú kókó kan jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó jù ú sẹ́nu. Kókó náà ò fọ́. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó mú òmíràn.

"Irọ́ ni mo pa fún yín lórí fóònù," Hàbíbàt wí. "Mo ti rin ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó wá oṣù."

"Mo gbọ́. Gbogbo Yídì ló ń kí mi pé òjòjò ilé wa dùn, pé àwa la kọ́kọ́ ṣọdún ní gbogbo Ẹ̀pẹ́." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ara wọn. Aisha yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé kí àwọn gbé kúlà inú búùtù wálẹ̀. Hàbíbàt gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. "Fi í síbẹ̀ ná," ó wí.

Wọ́n jẹun ní àgbàlá, lórí ẹní àti lórí àga. Kókó mẹ́rin ló kan àgbàlagbà, méjì kan ọmọdé, ẹja pọ̀ ju ewùrà lọ. Wọ́n fi ẹ̀bà nu àwo mọ́. Nígbà tí kò sí nǹkan kan mọ́ àfi èyí tó jó mọ́ ìsàlẹ̀, Abdulhakeem àti Làtífù jọ ń fi ṣíbí họ ọ́, Làtífù sì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó dùn lára oúnjẹ yìí. Ìyá Hákíìmù wo yíká, ó rí i pé ojú àwọn ọmọdé ṣì ń wá nǹkan.

"Hákíìmù, sọ fún ìyàwó ẹ kó gbé ìrẹsì yẹn wá. Mo ti rí i látìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Kò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Abdulhakeem náà rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ojú tì í díẹ̀. Kó tó wọkọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ máa wà níbí náà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń lọ síbì kan tẹ́lẹ̀?"

Ó yíjú sí Hàbíbàt. "Lọ́dún tó ń bọ̀, má dá a ṣe. Bí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀, màá rán Aisha sí ẹ."

"Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá," ó wí. Ohun tó ti ń dù láti ọdún kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó ti di tirẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́dún méjì sí i, níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì wà, òun ni. Ó ṣírò ọdún tí Màmá máa jẹ́ nígbà náà, ó sì dáwọ́ ìṣírò náà dúró.

Làtífù àti Ùsámà ti ṣáájú lọ. Òun á padà sí Ìgbògbò lọ́la. Ìyá rẹ̀ sùn lórí àga pẹ̀lú gèlè lórí. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti wẹ ọwọ́, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti fọ àwo, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé sì ti gbẹ kanlẹ̀. Màmá á nílò omi láàárọ̀. Hàbíbàt ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ ìfami sínú kànga, ó dúró kó rì, ó fà á. Okùn ń ta á níbi tí ìka rẹ̀ ti bó. Ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó tún sọ ọ́ sí i. Ní àkọ́kọ́ ó ń kà á, nígbà tó yá kò kà á mọ́. Ìgbà tí omi dé etí dúrọ́ọ̀mù, ó fi ìdérí dé e, ó ká okùn, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró.